Bí Óòtì Gígé Ṣe Padà Sínú Ìkòkò Àárọ̀

Títí di àárín àwọn ọdún 1850, ẹṣin ló ni óòtì ní Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ń gbìn ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọpọ́n ẹran ọ̀sìn ló ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ á lọ bá àwọn olóògùn, tí wọ́n ń ta èyí tí ọkọ̀ òkun kó dé láti Scotland àti Ireland ní ìwọ̀nba, fún aláìsàn àti ọmọdé. Ọmọ Jámánì kan tó ń ta oúnjẹ ní Akron, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló rí i pé ọjà ńlá ń bẹ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń dà fún ẹṣin.

Ferdinand Schumacher lorúkọ rẹ̀. Ìlú Celle ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1822. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1850. Kò pẹ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó fi kíyè sí i pé àwọn tó ṣí wá láti òkè òkun bíi tirẹ̀, ará Jámánì, ará Scotland, ará Ireland, ń wá oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n ń jẹ nílé bàbá wọn, wọn kò sì rí i rà. Ó gbé ọlọ afọwọ́yí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ óòtì, ó ń tà á. Nígbà tí ọwọ́ kò ká a mọ́, ó lọ ní ilé ọlọ tí omi ń yí. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, ìjọba àpapọ̀ sì ń wá oúnjẹ tó gbẹ, tí kì í tètè bàjẹ́, tó sì ń dúró nínú, fún àwọn sójà. Schumacher ta óòtì fún wọn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tí kò fẹnu kan óòtì rí nílé ṣe jẹ ẹ́ lójú ogun.

Síbẹ̀, óòtì tí wọ́n ń jẹ nígbà náà kò tíì dáa tó. Ẹ jẹ́ ká wo hóró rẹ̀ dáadáa. Èèpo rẹ̀ le, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, débi pé bí ẹ bá gbé óòtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jẹ́ èèpo. Ọ̀rá inú rẹ̀ tún pọ̀ ju ti àlìkámà lọ. Bí wọ́n bá bó o tí wọn kò fi ooru pa èròjà tó ń ba ọ̀rá náà jẹ́, kò ní pẹ́ tó fi máa korò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan án ní ilé ọlọ. Lẹ́yìn náà ni ọlọ òkúta á wá fọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà, torí ọlọ òkúta kì í fọ́ nǹkan dọ́gba. Apá kan á ti di ìyẹ̀fun, apá kan á ṣì wà ní odindi. Nígbà tí wọ́n bá gbé e kaná, ìyẹ̀fun á ti ki, á ti jó mọ́ ìdí ìkòkò, hóró kò sì ní tíì rọ̀.

Asmus Ehrrichsen, òṣìṣẹ́ Schumacher, ló wá ojútùú rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1870. Kàkà kí wọ́n máa lọ óòtì, ó ní kí ọ̀bẹ gé e. Nínú ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò lóde òní, ìlù irin kan ló ń yí, ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ yí ká. Hóró óòtì á bọ́ sínú ihò, á yọ orí síta lódì kejì, ọ̀bẹ tí wọ́n kàn mọ́ ojú kan á sì gé orí náà. Hóró kan á di ẹ̀là méjì tàbí mẹ́ta tó ṣe déédéé, ìyẹ̀fun tó ń jáde kò sì tó nǹkan. Èyí ni óòtì gígé: ó le, ó ń dán díẹ̀, ó rí bí ìrẹsì Ọ̀fadà tó fọ́. Kò sí ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn èèpo òde. Awọ tó bo hóró wà níbẹ̀, ojú tó fi ń hù wà níbẹ̀, ara rẹ̀ tó funfun náà wà níbẹ̀.

Ayé ẹ̀rọ yìí kò pẹ́ ní Akron. Ní 1878, Schumacher kó rólà dé láti England. Ooru omi gbígbóná á mú hóró rọ̀, rólà á sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ; ohun tó bá sì ti tẹ́ kì í pẹ́ jinná. Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ óòtì ti ń sáré. Wọ́n forúkọ àmì Quaker sílẹ̀ ní Ravenna, tí kò jìnnà sí Akron, ní 1877. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ Henry Crowell, tó mọ ìpolówó ọjà dunjú. Iná jó ilé ọlọ Schumacher ní 1886, agbára rẹ̀ dínkù, nígbà tó sì fi máa di 1901, ohun tó kù nínú iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ti wà nínú Quaker Oats Company, lọ́wọ́ Crowell. Páálí roboto tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n jáde ní 1915. Óòtì oníṣẹ́jú márùn-ún dé ní àwọn ọdún 1920. Ti ojú ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé omi gbígbóná lásán ti tó fún un, dé ní 1966.

Bí ẹ bá ka ọdún láti 1878 dé 1966, ẹ ó rí i pé nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń bá ìṣẹ́jú jà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú di márùn-ún, márùn-ún di ọ̀kan. Mi ò bá wọn jà torí rẹ̀. Ìyá tó fẹ́ fún ọmọ mẹ́ta lóúnjẹ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ mọ iyì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìkòkò yẹn ní ibi tó ti ń bọ̀ wá gbẹ̀san nínú ara.

Àwọn tí kò bá wọn sáré, ará Scotland àti Ireland, ni wọ́n gba óòtì gígé sílẹ̀. Òjò àti òtútù ilẹ̀ wọn kò jẹ́ kí àlìkámà ṣe dáadáa, óòtì ní tirẹ̀ fẹ́ràn irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti jẹ́ oúnjẹ mẹ̀kúnnù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ronú ẹ̀rọ kankan ní Akron. Nígbà kan rí, àwọn yunifásítì àtijọ́ ní Scotland máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsinmi Ọjọ́ Ajé kan kí wọ́n lè lọ sílé lọ gbé àpò óòtì mìíràn wá. Ní Ireland, óòtì tí John McCann ń ṣe nítòsí ìlú Drogheda gba àmì ẹ̀yẹ níbi àfihàn ọjà àgbáyé ní Philadelphia ní 1876, agolo funfun rẹ̀ sì ṣì wà lórí àtẹ títí dòní. Láti 1994 sì ni abúlé Carrbridge ní òkè Scotland ti ń ṣe ìdíje àgbáyé lórí óòtì sísè. Orógùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ rí bíi wúrà ni ẹni tó bá gbégbá orókè ń gbà. Fún ẹ̀yà ìdíje tí ó tẹ̀lé àṣà, óòtì, omi àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n gbà láyè, óòtì náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí rólà ti tẹ̀.

Ohun tó wá mú ìyókù ayé padà sídìí óòtì ni ìwádìí àwọn dókítà. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní beta-glucan, irú fáíbà kan tó ń yọ́ sínú omi, tó sì ń mú un ki. Nígbà tó bá dé inú ìfun, ó máa ń dè mọ́ òróòro, wọ́n á sì jọ bá ìgbẹ́ jáde. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro. Bí òróòro bá ti dínkù, ẹ̀dọ̀ á fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù láti inú ẹ̀jẹ̀ kó lè ṣe òmíràn, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á sì relẹ̀. Ní 1997, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ilé-iṣẹ́ láyè láti kọ ọ́ sára páálí pé gíráàmù 3 beta-glucan lójúmọ́, nínú oúnjẹ tí ọ̀rá búburú kò pọ̀ nínú rẹ̀, lè dín ewu àrùn ọkàn kù. Nǹkan bíi gíráàmù 60 sí 80 óòtì gbígbẹ ló máa mú iye yẹn wá.

Èyí kan gbogbo oríṣi óòtì. Ọ̀rọ̀ ṣúgà ni wọ́n ti yà síra. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ fi ń mọ bí oúnjẹ ṣe ń yára gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Glúkóòsì pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe 100. Óòtì gígé wà ní nǹkan bí 55, ti ojú ẹsẹ̀ wà ní nǹkan bí 75. Ìdí rẹ̀ ò ju pé ẹ̀là tó le, omi inú ikùn ní láti jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn wọnú díẹ̀díẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n ti rún wẹ́wẹ́, kò sí iṣẹ́ kankan tó kù fún ikùn ṣe lára rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ síbí yìí: óòtì pẹlẹbẹ tó nípọn, èyí tí wọn kò rún, kò jìnnà sí óòtì gígé lórí òṣùwọ̀n náà rárá. Ẹni tí kò bá rí gígé rà kò pàdánù púpọ̀ bó bá ra ìyẹn. Ti ojú ẹsẹ̀ tó ní ṣúgà nínú ni mo ní kí ẹ yà fún.

Bí mo ṣe ń sè é nìyí. Ife óòtì kan, ife omi mẹ́rin. Ó tó èèyàn mẹ́rin. Mo máa ń kọ́kọ́ yan óòtì náà nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, mò ń rò ó, títí òórùn rẹ̀ á fi gba ilé ìdáná. Òórùn yẹn ni ẹ ó fi mọ̀ pé ó ti tó. Ẹ má dúró kó pọ́n jù. Omi tó ti hó ni mo máa ń dà sí i, mo sì máa ń sún sẹ́yìn díẹ̀, torí ó máa ń ta. Bó bá ti hó, mo máa ń dín iná kù pátápátá. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ ó rò pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀: omi á wà lókè, óòtì á wà nísàlẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún omi á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ìhó rẹ̀ á sì wúwo, á máa yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa rò ó lemọ́lemọ́, kó má baà lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Nígbà tó bá tó ìṣẹ́jú 25, ẹ tọ́ ọ wò. Ó yẹ kó rọ̀ lẹ́yìn, kí àárín rẹ̀ sì ṣì fún eyín ní ohun díẹ̀ láti jẹ. Ẹ pa iná, ẹ dé e, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ṣe pàtàkì, ibẹ̀ ló ti máa ń ki.

Ẹni tí owó gáàsì ń dùn lè rẹ óòtì náà sínú omi tútù láti alẹ́, kó gbé e sínú fíríìjì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á tó. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi èyí tó ti jinná sílẹ̀ mọ́jú lórí sítóòfù bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe. Ooru ilẹ̀ wa kò gba irú ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù á ki gan-an nínú fíríìjì. Omi díẹ̀ àti iná díẹ̀ á tún un ṣe.

Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa dípò ṣúgà, ẹ̀pà yíyan tí wọ́n gún díẹ̀, àgbọn, mílíìkì. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ jù pẹ̀lú iyọ̀ nìkan, kí àkàrà gbígbóná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ fáíbà púpọ̀ kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa mu omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú rẹ̀ á wú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé dókítà ló kọ́kọ́ dárúkọ óòtì fún wa, nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọlé. A sì mọ ohun tí à ń ṣe: à ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun kúnná, à ń rò ó bí àmàlà, à ń fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́. Òkèlè óòtì dùn, fáíbà rẹ̀ kò sì sá lọ. Ṣùgbọ́n lílọ̀ yẹn ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ikùn ṣe, ṣúgà rẹ̀ á sì tètè wọ ẹ̀jẹ̀ ju ti ẹ̀là lọ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó ṣọ́ bí òkèlè náà ṣe tóbi tó, kó sì máa fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ wo bí ara ṣe gbà á, kó má kàn gbọ́kàn lé orúkọ óòtì.

Owó óòtì gígé ga, torí òkè òkun ló ti ń wá. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yí páálí padà kí ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: óòtì nìkan ló yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ṣúgà, ẹ dá a padà sórí àtẹ.