Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Fẹ́kítọ̀ àti ọkọ̀ tó ń sọdá odò

Odò fẹ̀ ní mítà 80. Ọkọ̀ dojú kọ òdìkejì tààrà, ó ń sáré mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ń ṣàn ní mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpapọ̀ eré kì í ṣe 7 o, torí fẹ́kítọ̀ ni eré méjèèjì: wọ́n ní ìwọ̀n, wọ́n sì ní ìhà tí wọ́n kọjú sí! Ẹ ya ọfà tó gùn ní 4 fún ọkọ̀, ẹ fi ìdí ọfà tó gùn ní 3 fún omi sí ṣóńṣó rẹ̀ ní ìdábùú. Ìlà tó so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin ni ìdáhùn: 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, àpapọ̀ wọn jẹ́ 25, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 5.

Ibi tó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú nìyí: omi yẹn kò fi kún àsìkò ìsọdá rárá. Ẹ fi 4 pín 80, ìṣẹ́jú àáyá 20 ni. Àmọ́ omi á ti gbé ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀ ní mítà 60. Ẹni tó bá fẹ́ gúnlẹ̀ sí ọ̀kánkán gbọ́dọ̀ kọ imú ọkọ̀ sókè odò, yóò sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ.