Bí Ojú Ọmọ Bá Pọ́n, Tí Ìgbẹ́ Rẹ̀ sì Funfun: Ẹ Tètè Wá Ìtọ́jú

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, bóyá ni ilé kan wà ní Ilora, ní Fiditi tàbí ní Jobele tí wọn kò tíì gbọ́ nípa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun a máa pọ́n bí ìyeyè ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí a bí wọn, a sì máa lọ kí ọjọ́ kẹrìnlá tó pé. Ṣùgbọ́n irú kan wà nínú rẹ̀ tí kì í lọ. Wẹ́rẹ́ ni ó ń wọlé. Ọmọ náà yóò máa mu ọmú, yóò máa rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé yóò sì rò pé ara rẹ̀ dá. Nígbà tí wọn yóò bá fi mọ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Nítorí irú yìí ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín.

KÍ NI IṢẸ́ Ẹ̀DỌ̀?

Apá ọ̀tún ikùn, lábẹ́ egungun ìhà, ni ẹ̀dọ̀ wà. Ti àgbàlagbà ń tó kílò kan ààbọ̀. Òun ni ó ń ṣe òróòro, omi kíkorò tí ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa adìyẹ mọ̀ dáadáa, nítorí bí àpò rẹ̀ bá bẹ́ sára ẹran, ẹran náà di kíkorò. Òróòro kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Òun ni ó ń yọ́ ọ̀rá inú oúnjẹ kí ara lè rí fítámì A, D, E àti K gbà. Òun náà ni ó ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀ rẹ̀. Bí kò bá dé inú ìfun, ìgbẹ́ yóò funfun. Bí ó bá padà sínú ẹ̀jẹ̀, ojú yóò pọ́n, ìtọ̀ yóò dúdú, ara yóò sì máa yún ènìyàn. Ipò yìí, tí òróòro há sínú ẹ̀dọ̀, ni àwọn oníṣègùn ń pè ní cholestasis.

ÌDÈ TÍ Ó WÀ LÁÀÁRÍN SẸ́Ẹ̀LÌ

Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, tí ojú lásán kò lè rí, ni a fi kọ́ gbogbo ara wa. Nínú ẹ̀dọ̀, ojú ìṣàn tóóró kan wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, níbi tí òróòro ń gbà kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ kan, òróòro ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ni kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì dàpọ̀? Ìdè ni.

Ẹ wo igbá tí ó sán, tí a sì gán. Bí okùn tí a fi gán an bá le, a lè bu omi sí i, kò ní jò. Purotéènì ni okùn tí ara fi gán ojú sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni claudin-1, tí ń di àlàfo náà pa. Òmíràn ni TJP2, tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ó ń di claudin mú kí ó má ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ìdè wọ̀nyí bá tú, òróòro yóò jò padà. Òróòro tí ń yọ́ ọ̀rá inú oúnjẹ yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ jẹ́, nítorí ọ̀rá wà lára ohun tí a fi ṣe awọ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yóò wú, yóò di àpá, yóò sì le.

Ìmọ̀ yìí kò tíì pẹ́. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ rí i lára àwọn ìdílé Amish kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, pé àbùkù nínú TJP2 lè mú kí iyọ̀ òróòro pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kí ara sì máa yún ọmọ. Ní 2004, a rí àbùkù claudin-1 lára àwọn ìdílé kan ní Mòrókò, tí awọ àwọn ọmọ wọn gbẹ bí ìpẹ́, tí ọ̀nà òróòro wọn sì ń bàjẹ́. Ní 2014, àwọn onímọ̀ King's College ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé bí TJP2 kò bá sí rárá, ẹ̀dọ̀ ọmọ lè bàjẹ́ ní kékeré débi pé yóò nílò ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Bàbá àti ìyá ni ó jọ ń gbé irú àbùkù yìí fún ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ara àwọn òbí méjèèjì lè le koko. Síbẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ yóò ní àrùn náà. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá ti pàdánù ju ọmọ kan lọ sí ọwọ́ ibà pọ́njú, kí a má ṣe pe ọmọ ní àbíkú, kí a má sì fi ẹ̀sùn kan ìyá rẹ̀. Dókítà ni kí a sọ ìtàn náà fún.

Àbùkù ìdè yìí ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ú lọ ni pé kí ọ̀nà tí òróòro ń gbà jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀ dí. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ìdè kò kúrò níbẹ̀: bí òróòro kò bá rí ibi ṣàn lọ, ojú tí a gán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Dókítà Morio Kasai ní orílẹ̀-èdè Japan ṣàlàyé iṣẹ́-abẹ kan ní 1959, èyí tí a fi ń la ọ̀nà tuntun fún òróòro sínú ìfun. A kì í fi iṣẹ́-abẹ yìí falẹ̀: ó máa ń yọrí sí rere jù bí a bá ṣe é kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́. Ẹ rí i pé oṣù méjì péré ni ó wà lọ́wọ́ wa.

ÀMÌ TÍ Ẹ Ó MÁA ṢỌ́

Ní ọjọ́ kẹjọ tí ẹ bá ń sọ ọmọ lórúkọ, ẹ gbé e sí ojúmọmọ, kí ẹ wo ẹyinjú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ẹ tún wò ó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

1. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14.
2. Ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun tàbí bí ògì. Ìgbẹ́ ọmọ tí ń mu ọmú yẹ kí ó pọ́n bí ìyeyè.
3. Ìtọ̀ rẹ̀ ń kun ìlédìí. Ìtọ̀ ọmọ tuntun yẹ kí ó mọ́ bí omi.
4. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìdodo tàbí ní imú rẹ̀. Àìsí fítámì K ni ó sábà máa ń fa èyí.

Bí ojú ọmọ bá pọ́n ní ọjọ́ tí a bí i gan-an, tàbí tí kò lè mu ọmú, tí ó ń sùn ṣáá, ẹ má dúró rárá. Irú èyí lè ba ọpọlọ jẹ́.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ má fún ọmọ ní àgbo, omi ìbẹ́pẹ tàbí omi glúkóòsì. Wọn kò lè la ọ̀nà òróòro tí ó dí, àgbo mìíràn sì lè dá kún ìṣòro ẹ̀dọ̀. Yíyá oòrùn kò lè wo irú èyí sàn. Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ, nítorí ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan, kí ojú wọn sì pọ́n sí i. Bí ojú ọmọkùnrin bá pọ́n, kí a má ṣe dá abẹ́ fún un kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò.

IBI TÍ Ẹ Ó LỌ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́dé tí ó sún mọ́ yín. Ẹ mú ìlédìí tí ọmọ yàgbẹ́ sí dání, nítorí àwọ̀ ìgbẹ́ náà yóò sọ̀rọ̀ fún olùtọ́jú. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, láti mọ̀ bóyá òróòro ni ó há. Bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀, wọn yóò kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú bí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì, UCH, ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn dókítà ọmọdé wà. Ẹ má ṣe fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí títí di ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ tètè wo ojú ọmọ yín, ẹ tètè wo ìgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tètè gbéra. Ìlera lọ́rọ̀.