Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Wọn Ẹsẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Sanwó Kẹ̀kẹ́!

Ẹ fojú inú wo bíríkìlà kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Owó ọ̀sẹ̀ wà lápò rẹ̀, ó sì ti sú u láti máa kó owó fún ọlọ́kadà láàárọ̀ lálẹ́. Bó ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ló rí tí wọ́n tò lọ súà. Pupa kan wà láàárín wọn tó ń dán yanranyanran, táyà rẹ̀ nípọn, ó lágbára lójú. Bíríkìlà gùn ún wò. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ga jù báyìí?"

Ẹni tó ń tà á bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, tó bá ṣe díẹ̀, á mọ́ ọ lára. Kẹ̀kẹ́ ńlá lo rà yẹn, owó kékeré lo san."

Bíríkìlà sanwó. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, orúnkún ń dùn ún, ẹ̀yìn ń ro ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni ewúrẹ́ já lu ọ̀nà. Ó tẹ bíréèkì, ó ní kí òun fẹsẹ̀ tilẹ̀, ẹsẹ̀ kò tólẹ̀. Irin àárín kẹ̀kẹ́ ló gbà á sílẹ̀. Ibi tí irin náà ti gbà á, ẹnu kò gba ìròyìn. Àwọn ọkùnrin tó ti kó sí i rí nìkan ló lè sọ ọ́!

Ta ló jẹ̀bi? Ewúrẹ́ kọ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọ́. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ láìwọn ara rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré ọmọdé. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ sì fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó bá ń lọ sóko tàbí síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ ohun tí ọ̀nà ń gbà lọ́wọ́ òun. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Èkìtì ló yẹ kéèyàn rántí. Òkè ló pọ̀ níbẹ̀. Láti Ìfàkì dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, àti lọ́nà Ìdó, bí o bá gòkè tán ni wàá tún sọ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ tí kò bá ara mu lè máa fara dà á. Ní Èkìtì, òkè á tú u fó.

KẸ̀KẸ́ DÚDÚ AYÉ ÀTIJỌ́

Àwọn àgbà kò tí ì gbàgbé Raleigh tó wá láti Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Phillips pẹ̀lú Hercules tó wá láti Birmingham. Kẹ̀kẹ́ dúdú ni wọ́n, irin tọ́ọ́rọ́ ló ń fa bíréèkì wọn, táyà wọn jẹ́ íǹṣì 28. Àgbẹ̀ fi ru kòkó, adẹ́mu fi gbé agbè, tíṣà fi lọ sílé ìwé. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nígbà yẹn, ẹni ńlá ni.

Síbẹ̀, ìwọ̀n méjì péré ló wọ́pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń kó wá fún ọkùnrin: fírémù íǹṣì 22 àti ti íǹṣì 24. Fírémù ni egungun kẹ̀kẹ́, irin tí gbogbo nǹkan yòókù so mọ́. Bí wọ́n bá fi 22 yẹn sórí táyà 28, irin òkè rẹ̀ á ga tó nǹkan bí íǹṣì 33 sílẹ̀. Ẹni tí kò ga púpọ̀ kò lè dúró lé e lórí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé ayé ìgbà náà fi ń ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin, tí wọ́n á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí akàn. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n, kò sí ìwọ̀n tiwọn lọ́jà ni.

Lónìí, ìwọ̀n wà lóríṣiríṣi. Ẹni tó bá ra èyí tí kò bá a mu lónìí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

IBI TÍ KẸ̀KẸ́ ORÍ ÒKÈ TI ṢẸ̀

Èyí tó pọ̀ jù nínú tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ orí òkè, tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní máúntìn-báìkì. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan tó ń jẹ́ Tamalpais. Lọ́dún 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan ní agbègbè náà tí wọ́n pè ní Repack, torí pé bíréèkì máa ń gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ á jó tán, wọ́n á sì ní láti fi òmíràn sí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ kan fírémù tuntun tó dìídì wà fún òkè.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Òkè ló kọ́ wọn pé fírémù ló ń ṣe kẹ̀kẹ́. Táyà ṣeé pààrọ̀. Bíréèkì ṣeé pààrọ̀. Ìjókòó ṣeé gbé sókè, ó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fírémù tó bá gùn jù, kò sí oníwẹ́dà tó máa gé e kúrú kó má bà á jẹ́.

BÍ Ẹ ṢE MÁA WỌN ARA YÍN

Télọ̀ kì í gé aṣọ láìwọn aláṣọ. Ẹ lọ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ gun kẹ̀kẹ́, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ mú ìwé líle kan tàbí pákó pẹlẹbẹ, ẹ fi há abẹ́, kó fún díẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Kí ẹnì kan sàmì sí ibi tí orí ìwé náà dé lára ògiri. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ ni ìwọ̀n inú ẹsẹ̀ yín. Ìwọ̀n yìí ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe bí ẹ ṣe ga tó lójú. Èèyàn méjì lè ga dọ́gba kí ẹsẹ̀ ọ̀kan gùn ju ti èkejì lọ.

Fún kẹ̀kẹ́ orí òkè, ẹni tí inú ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 28, kó wá fírémù bíi 16. Ẹni tó bá jẹ́ 30, kó wá 17. Ẹni 32, kó wá 18. Ẹni 34, kó wá 19. Bí ẹ bá bọ́ sáàárín ìwọ̀n méjì, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà oko onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ ń gbà, ẹ mú èyí tó kéré.

Ẹ ṣọ́ra o! Nọ́ńbà ara táyà kọ́ ni nọ́ńbà fírémù. Bí wọ́n bá kọ 26, 27.5 tàbí 29 sí ara táyà, bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Nọ́ńbà fírémù máa ń wà lára irin tó dúró lábẹ́ ìjókòó. Bó bá ti pa rẹ́, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n: láti àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí, títí dé etí ibi tí ọ̀pá ìjókòó ti wọlé.

ÌKA MẸ́TA, GÌGÍSẸ̀, ÌGÚNPÁ

Àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ kì í wọn nǹkan bákan náà, nítorí náà ẹ má gbára lé nọ́ńbà nìkan. Ẹ dán nǹkan mẹ́ta yìí wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èkíní ni ìka mẹ́ta. Ẹ dúró lé irin àárín, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Àlàfo tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bí íǹṣì méjì, gbọ́dọ̀ wà láàárín abẹ́ yín àti irin náà. Bí kò bá sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kí ọlọ́jà pé ó dàbọ̀.

Èkejì ni gìgísẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹnì kan di kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ti yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ìjókòó tó bá rẹlẹ̀ jù máa ń pa iwájú orúnkún lára. Èyí tó bá ga jù, ìdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ti ń wa kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ lè gbé ìjókòó sókè, àmọ́ ẹ wo àmì tó wà lára ọ̀pá rẹ̀. Àmì yẹn kò gbọ́dọ̀ yọ síta. Bí ọ̀pá bá yọ kọjá àmì, ó lè kán, ó sì lè fa fírémù ya.

Ẹ̀kẹta ni ìgúnpá. Ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ìgúnpá gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti nà gbọnrangandan bí ẹni tó ń fa omi kànga, kẹ̀kẹ́ náà gùn jù fún yín. Ọrùn, èjìká àti ọrùn ọwọ́ ló máa san gbèsè rẹ̀ lálẹ́. Ẹ tún wò ó bóyá ìka yín dé bíréèkì láìjẹ́ pé ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀.

IWÁJÚ KẸ̀KẸ́, BÍ ÀKÀBÀ NI

Kánlékánlé mọ̀ pé àkàbà tó dúró ṣánṣán kò ní pẹ́ gbé èèyàn ṣubú, àti pé èyí tó bá dà sílẹ̀ jù kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tó òkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́ọ̀kì, irin méjì tó di táyà iwájú mú. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ kí ẹ wò ó. Bí fọ́ọ̀kì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á yá láti yí, ó dára fún títì ọ̀dà. Ṣùgbọ́n lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta, ó lè fẹ́ gba orí gbé èèyàn sọnù. Bí fọ́ọ̀kì bá nà síwájú dáadáa, kẹ̀kẹ́ á balẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ bó bá ń gòkè, iwájú rẹ̀ á máa ṣe ségesège. Fún ẹni tó ń gòkè tó ń sọ̀ lójúmọ́ kan náà, àárín méjèèjì ló dára: nǹkan bíi dígírì 68 sí 70 bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀.

Ẹni tó máa di ẹrù sẹ́yìn, iṣu ni o, pákó ni o, kó wá kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn díẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kúkúrú, iwájú á fúyẹ́ lórí òkè, á fẹ́ gbéra nílẹ̀. Kí sípíríǹgì ẹ̀yìn má sì tàn yín jẹ. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ńṣe ló ń jẹ agbára tí ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kì í sì í fẹ́ gba kárià. Bí fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì bá bàjẹ́, ẹ má fi kúkúrú kan ṣáá pààrọ̀ rẹ̀. Iwájú á rẹlẹ̀, gbogbo ìdúró kẹ̀kẹ́ á yí padà.

ÌYÁ ỌLỌ́JÀ ÀTI ỌMỌ ILÉ ÌWÉ

Obìnrin tó ń ró ìró kò nílò irin àárín tó ga. Fírémù tí irin rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ wà. Ẹ ṣì dán gìgísẹ̀ àti ìgúnpá wò.

Ní ti ọmọ, àṣìṣe àwọn òbí wà níbẹ̀: "Ẹ ra èyí tó tóbi, yóò dàgbà bá a." Bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe fún aṣọ ilé ìwé, tí aṣọ bá sì gùn, a ṣẹ́ ẹ létí. Ta ló máa ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ létí? Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀, tí ìka rẹ̀ kò dé bíréèkì, ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú kò ní dúró dè é kó dàgbà. Ẹ ra èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tólẹ̀ nígbà tí ìjókòó bá wà nísàlẹ̀, tí àyè ṣì wà láti gbé ìjókòó náà sókè lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyẹn ni dídàgbà bá kẹ̀kẹ́.

Ká sọ pé bíríkìlà wa ti yá téèpù télọ̀ ni, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ì bá gbà á. Okùn ìwọ̀n tí kì í jẹ́ kí ògiri rẹ̀ wọ́ wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò rántí pé ara òun pẹ̀lú ní ìwọ̀n. Kẹ̀kẹ́ pupa yẹn, ó tà á fún ẹni tó ga jù ú lọ, ó sì pàdánù nínú owó rẹ̀. Ẹni tó rà á ń gùn ún lọ ní tirẹ̀, kò sí ohun tó ń dùn ún.

Kẹ̀kẹ́ náà kò burú. Kì í ṣe tirẹ̀ ni.