Ọmọ Tó Forí Gbálẹ̀ Tó sì Dìde

Ọ̀kadà ṣubú, ọmọ forí gbálẹ̀, ó dákú díẹ̀, ó dìde, ó ní kò sí nǹkan kan. A bọ́ ojú rẹ̀, a ní kó lọ sùn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà lábẹ́ egungun ẹ̀bátí. Bí egungun náà bá sán, iṣan yìí lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ máa rọra kó jọ láàárín egungun àti awọ tó bo ọpọlọ. Ara ọmọ lè dà bíi pé ó yá fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀? Ojú àti etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lò. Ní 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, dókítà méjì ní ìlú Glasgow ní Scotland, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé. Lílajú ní máàkì 4: ṣé ó ń lajú fúnra rẹ̀, àbí ìgbà tí a bá pè é, àbí ìgbà tí nǹkan bá dùn ún? Ọ̀rọ̀ ẹnu ní 5: ẹni tó mọ ibi tó wà àti oṣù tí a wà gba gbogbo rẹ̀, ẹni tó kàn ń kérora gba 2. Mímira ní 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹni tó gba 8 tàbí tó dín, ìfarapa rẹ̀ le gan-an. (Kò sẹ́ni tó ń gba òdo, 3 ló kéré jù.) Fún ọmọ ọwọ́, ẹkún rẹ̀ ni wọ́n ń fi díwọ̀n ọ̀rọ̀ ẹnu.

Wọn kì í kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí máàkì bá já láti 15 sí 13, ara dókítà kò ní balẹ̀ mọ́. Wọ́n á tún tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú méjèèjì, bóyá ọmọlójú kan fẹ̀ ju èkejì lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ CT, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya àwòrán orí aláìsàn ní London ní 1971. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà máa ń hàn funfun nínú àwòrán náà. Ṣùgbọ́n àwòrán lè mọ́ kedere kí ọpọlọ sì ti mì. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa gbàgbé nǹkan, kí inú máa tètè bí i, kí ìwé má wọ orí rẹ̀ mọ́. Ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ.

Bí ó bá ń bì léraléra, tí oorun rẹ̀ kò ṣeé jí, tí giri mú un, tàbí tí omi ń jáde ní imú tàbí etí rẹ̀, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tó rí i nígbà tó ṣubú bá a lọ, nítorí dókítà máa bèèrè aago tó ṣubú, bó ṣe pẹ́ tó kó tó jí, àti ohun tó rántí gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ọmọ òrukàn, kí alágbàtọ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú, kó lè sọ bí ọmọ náà ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.