Cerebral palsy: Ṣé jangirọ́fà lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń di ife mú?

Òbí tí ọmọ rẹ̀ ní cerebral palsy ní Sabon Gari, Kano, kì í wá ìmọ̀ràn tì. Ọ̀kan tó ń jà rànyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìtọ́jú sensory integration: wọ́n á gbé ọmọ sórí jangirọ́fà, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ra apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó ti ọwọ́ bọ iyanrìn tàbí ìrẹsì, kí ọpọlọ lè mọ bí yóò ṣe tò gbogbo ohun tí ara ń sọ fún un. Ṣé ó yẹ kí òbí máa náwó sórí rẹ̀?

Kí ló ń fa cerebral palsy?

Ìpalára tó bá ọpọlọ ọmọ nínú oyún, lásìkò ìbí tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ìpalára náà kì í pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ lè má dúró, ara rẹ̀ sì lè le gbagidi.

Lára ohun tó ń fà á jù ní Nàìjíríà ni kí ọmọ má tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, ibà pọ́njú tí wọn kò tètè tọ́jú, àti àrùn tó wọ ọpọlọ, bíi yírùnyírùn tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. Kano kò lè gbàgbé àjàkálẹ̀ sankarau ọdún 1996. Ní ti ibà pọ́njú, káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun lè dá a sílẹ̀ lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá gbà á. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Níbo ni ìmọ̀lára ti wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Nínú àlàyé tí àwọn onímọ̀ àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2007, wọ́n sọ pé cerebral palsy sábà máa ń da ìmọ̀lára rú pẹ̀lú. Ọmọ lè di ṣíbí mú kó má mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun. Ariwo jẹnẹrétọ̀ lè máa mú un ta gìrì ṣáá.

A. Jean Ayres, occupational therapist (onímọ̀ tó ń kọ́ni láti dá iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe) ará Amẹ́ríkà, ló dá sensory integration sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún ni ìwé tó kọ lọ́dún 1972 dá lé. Ó ṣàlàyé pé ọpọlọ ń gba ìròyìn láti inú etí lọ́hùn-ún, èyí tí kì í jẹ́ ká ṣubú, àti láti inú iṣan àti oríkèé, tó ń sọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Lọ́dún 2013, Iona Novak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia gbé oríṣiríṣi ìtọ́jú cerebral palsy yẹ̀ wò, wọ́n sì fi àwọ̀ iná ojú pópó sàmì sí wọn. Iná pupa ni sensory integration gbà. Àwọn ìwádìí kéékèèké kan rí àǹfààní díẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì dára jù fún àwọn ọmọ tó ní autism. Ṣùgbọ́n ohun tí ara bá ń ṣe léraléra ni ọpọlọ ń kọ́. Jangirọ́fà lè dùn mọ́ ọmọ nínú, kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ife dé ẹnu.

Àwọn tó gba iná àwọ̀ ewé ni fífi iṣẹ́ kan pàtó kọ́ ọmọ, ìdánrawò nílé lábẹ́ ìtọ́sọ́nà, àti dídá ọwọ́ tó yá dúró fúngbà díẹ̀ kí èyí tó rọ lè ṣiṣẹ́.

Kí lẹ lè ṣe nílé?

Nínú ìwádìí Novak mìíràn tó jáde lọ́dún 2009, àwọn òbí tó ń bá ọmọ wọn dánra wò nílé fún ọ̀sẹ̀ 8, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan, rí ìyàtọ̀ nínú ohun tí ọmọ lè ṣe. Oníṣòwò lè rí àyè yẹn kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe, bíi kó dá mu kókó. Ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa, kí ẹ̀yìn rẹ̀ rí ohun fara tì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀; kápẹ́ńtà àdúgbò lè kan irú àga bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ife náà, kó mọ̀ bóyá ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ní sùúrù, ẹ má gbà á ṣe. Ẹ má sì ṣe bọ́ ọ ní ìdùbúlẹ̀, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ lè rí onífisiotẹ́rápì ní Aminu Kano Teaching Hospital àti ní National Orthopaedic Hospital, Dala. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi í ni pé: "Kí la fẹ́ kí ọmọ yìí lè dá ṣe, báwo la ó sì ṣe máa kọ́ ọ nílé?" Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta ìtọ́jú fún yín tí kò rí èsì fọ̀ sí i, ẹ di owó yín mú.

Kò yẹ kí òbí dá ẹrù yìí rù. Ní Ghana, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé àwọn òbí tó ń péjọ láti kọ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ wọn ní ìmọ̀ kún ìmọ̀, ayé sì tún rọ̀ wọ́n lọ́rùn sí i. Sabon Gari ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń ṣèpàdé lóòrèkóòrè. Kí wọ́n yọ̀ǹda gbọ̀ngàn wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n pe onífisiotẹ́rápì kan wá, kí àwọn ìyá sì gbé ọmọ wọn jáde láìsí ìtìjú.