Ohùn Tí Kò Ní Ilé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè Àfọwọ́ṣe

Bí ènìyàn bá ń ti Ṣágámù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ariwo ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni yóò máa sìn ín láti agbo ìnáwó kan dé òmíràn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń pariwo; ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ìdí pàtàkì kan ni pé orí ẹ̀rọ ni a ń náwó sí, a kì í náání àpótí rẹ̀.

Kì í ṣe ẹlòmíràn nìkan ni a ń bá wí. Nígbà tí àwa pàápàá kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò, a ra èèlò, a fi òjé jó wáyà mọ́ra, a gbé sípíkà lé orí tábìlì ní ìhòòhò, a sì tan iná sí i. Ohùn tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn ni ó jáde. Inú bí wa, a yí i sókè títí, kò sì pẹ́ tí bébà ojú sípíkà fi fàya. Àwọn àgbà ti wí tẹ́lẹ̀ pé bí ìlù bá dún jù, yíya ni í ya. Owó wa ṣòfò.

Onílù kan ni ó là wá lójú. Ó bi wá léèrè pé: “Ǹjẹ́ ẹ ti rí awọ tí ó dá nìkan dún rí, láìsí igi?” Òótọ́ ni. Nígbà tí ojú sípíkà bá ti afẹ́fẹ́ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí ohun tí ó pààlà sí àárín wọn, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò pàdé, wọn yóò sì pa ara wọn. Ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí a fi àyà gbọ́ ju etí lọ, ni ó ń kọ́kọ́ kú. Ààlà yìí gan-an ni iṣẹ́ àpótí.

Nítorí náà, ẹni tí yóò kàn án, kí ó wá pákó tí ó nípọn tó mìlímítà 18, nítorí pákó fẹ́lẹ́ a máa gbọ̀n, a sì máa fi ohùn tirẹ̀ kún ti olórin. Kí ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ó sì tẹ́ òwú tàbí fóòmù sí inú. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà; ooru ni í pa á.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan wà. Bátìrì fólítì 12, pẹ̀lú fíùsì, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Iná ilé, tí ó tó fólítì 230, kì í bá ènìyàn ṣeré. Ẹ̀rọ ńlá a sì máa tọ́jú iná pa mọ́ sí inú lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe iṣẹ́ yìí ní eré ọmọdé. Nígbà kan rí, olórin jùjú kò lè kó ìlù púpọ̀ jọ, kí ìlù má baà bo ohùn àti gìtá mọ́lẹ̀. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè so gbohùngbohùn kékeré mọ́ ara gìtá onígi. Ó fi bánjò kékeré tí ó ń ta tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò rí ibi tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni agbo jùjú ti ń gbòòrò. Níbẹ̀ pẹ̀lú, igi ni ó gba ohùn sílé.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn ọ̀dọ́ Rẹ́mọ ni pé kí káfíńtà àti alátùnṣe rédíò máa jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìparapọ̀ ni ó sọ Ṣágámù di ìlú ní 1872. Kò sí ìdí tí kò fi ní gbe oníṣẹ́ ọwọ́ méjì. Bí ohùn bá sì ti dára tán, kì yóò nílò ariwo mọ́, aláìsàn tí ó wà ní ojúlé kejì yóò sì rí oorun sùn.