Ṣé Ẹ̀sìn Ló Rán Apànìyàn Mashhad Níṣẹ́? Ọ̀rọ̀ Saeed Hanaei àti Àwọn Obìnrin 16

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan bi lẹ́yìn wáàsí: "Àfáà, bí ẹnìkan bá pa obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí aṣẹ́wó, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó ti ẹni tó pa ọmọlúàbí?" Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè. Wọ́n á kàn mi orí, wọ́n á ní, "Ohun tó ń wá ló rí." Ọ̀rọ̀ yìí kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀mí. A fẹ́ fi ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ṣàlàyé ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń gbé èèyàn dé, kí a sì sọ ohun tí ẹ̀sìn wa wí nípa rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mashhad

Mashhad ni ìlú tó tóbi ṣìkejì ní orílẹ̀-èdè Iran. Ibẹ̀ ni sàréè Alī ar-Ridā wà, ọ̀kan nínú àtọmọdọ́mọ Ànábì, tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù àwọn Ṣíà máa ń ṣe àbẹ̀wò sí lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ìlú yìí kò jìnnà sí ààlà Afghanistan, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń gbin ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ́píọ̀mù. Oògùn olóró náà ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ń ba ayé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ lọ́nà. Àwọn obìnrin tí oògùn ti dè mọ́lẹ̀, àti àwọn tí ìṣẹ́ ń bá fínra, wà lára àwọn tó ń dúró sí ẹ̀bá títì lálẹ́, tí wọ́n ń ta ara wọn.

Láàárín ọdún 2000 sí 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n ti fi ìbòrí tí wọ́n wé sórí fún wọn lọ́rùn pa, wọ́n sì ti fi aṣọ dúdú ńlá tí àwọn obìnrin Iran fi ń bora wé òkú wọn. Àwọn ìwé ìròyìn ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ìpànìyàn aláǹtakùn.

Obìnrin 16 ló ti kú kí ọwọ́ tó tẹ ẹni tó ń ṣe é ní oṣù keje ọdún 2001. Orúkọ rẹ̀ ni Saeed Hanaei. Kì í ṣe wèrè tó ń rìn kiri ìgboro. Òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ni, ó níyàwó, ó bímọ mẹ́ta, ó sì ti jagun fún ìlú rẹ̀ nígbà tí Iran àti Iraq ń bá ara wọn jà. Yóò gbé obìnrin bí ẹni pé oníbàárà ni òun, yóò mú un lọ sílé nígbà tí ìyàwó àti àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì pa á sí.

Àwíjàre rẹ̀, àti àwọn tó gbà á gbọ́

Nígbà tí wọ́n mú un, kò sẹ́. Ó ní ọkùnrin kan ló fi ìyàwó òun pe aṣẹ́wó nínú ọkọ̀, ìbínú ọjọ́ náà ni kò tán nínú òun. Ó ní òun ń fọ ìlú mọ́ ni, òun sì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀sìn.

Ẹ̀yin òbí, ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù ni pé àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ìwé ìròyìn alágídí kan gbè é lẹ́yìn. Àwọn èèyàn kan ní ìlú náà ń sọ pé kò ṣe ohun tó burú. Nínú fíìmù tí oníròyìn Maziar Bahari ṣe nípa ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2002, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì dàgbà, jókòó ó sì ń gbèjà bàbá rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí bàbá ń ṣe ni ọmọ ń kọ́.

Àwọn tó gbè é lẹ́yìn di ọ̀rọ̀ kan mú nínú ìwé òfin, pé àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní mahdūr ad-dam, ìyẹn ẹni tí wọn kì í gba ẹ̀san ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn adájọ́ kò gbà fún un. Wọ́n ní apànìyàn ni, wọ́n sì yẹgi fún un ní oṣù kẹrin ọdún 2002. Ohun mìíràn tó jáde níbi ẹjọ́ náà ni ẹ̀sùn pé ó ti bá nínú àwọn obìnrin yìí lò pọ̀ kó tó pa wọ́n. Ẹni tó ní sìná lòun ń bá jà!

Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Èkíní, ẹ̀mí kì í ṣe tiwa. Ọlọ́hun jẹ́ kó yé wa nínú Sūratul-Mā'idah, āyah 32, pé ẹni tó bá pa ẹ̀mí kan láìtọ́, bí ẹni tó pa gbogbo aráyé ni. Kò yọ obìnrin ẹ̀bá títì sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Èkejì, Sūratun-Nūr, āyah 4, fi yé wa pé ẹni tó bá fi ẹ̀sùn sìná kan obìnrin ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá. Bí kò bá rí wọn mú wá, òun gan-an ni wọn yóò nà ní ẹgba 80, wọn kò sì ní gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bá le tó báyìí, kí ni a ó wí nípa ẹni tó fúnra rẹ̀ ṣe olùfisùn, ẹlẹ́rìí, adájọ́ àti apànìyàn nínú yàrá kan ṣoṣo?

Ẹ̀kẹta, ìdájọ́ wà lọ́wọ́ aláṣẹ, kò sí lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò. Nínú hàdísì tí Muslim gbà wá, obìnrin ará Gāmid kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó jẹ́wọ́ pé òun ṣe sìná, ó sì ti lóyún. Ànábì dá a padà títí ó fi bímọ, ó tún dá a padà títí ọmọ fi já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí wọ́n sì wá ṣèdájọ́ rẹ̀, tí Khālid bú u, Ànábì kọ̀ fún un, ó ní obìnrin náà ti tuuba ní irú ìtuuba tó tóbi, ó sì kírun sí i lára. Ẹ fi ìyẹn wé ẹni tó ń dọdẹ obìnrin lóru.

Ẹ̀kẹrin, Ọlọ́hun mọ̀ pé wọ́n ń fipá ti àwọn mìíràn sínú iṣẹ́ yìí. Sūratun-Nūr kan náà, ní āyah 33, kọ̀ fún àwọn tó ń ti ẹrúbìnrin wọn sí i nítorí owó, ó sì fi hàn pé aláforíjìn ni Ọlọ́hun sí àwọn tí wọ́n fipá mú. Ẹni tó ń jẹ èrè, tó sì ń fipá múni, ni àáyà náà dojú ìbáwí kọ.

Ẹ̀karùn-ún, Bukhārī àti Muslim gba ìtàn obìnrin aṣẹ́wó kan wá. Ó rí ajá tí òùngbẹ fẹ́ pa lẹ́bàá kànga. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó so ó mọ́ ìbòrí rẹ̀, ó fi fa omi fún un, Ọlọ́hun sì torí ìyẹn forí jì í. Ìbòrí tí obìnrin yìí fi gba ẹ̀mí là, irú rẹ̀ ni Hanaei fi ń gba ẹ̀mí. Ta ló wá mọ èyí tí ì bá tuuba nínú àwọn 16 yẹn, ká ní ó jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wọn?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Iran nìkan

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀sìn Islām ló ń bí irú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Sutcliffe pa obìnrin 13 láàárín ọdún 1975 sí 1980. Òun náà sọ ní kóòtù pé ohùn Ọlọ́hun ló ní kí òun máa pa aṣẹ́wó. Wọn kò gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni àwọn ọlọ́pàá ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Láàárín àkókò náà, wọ́n ń pín àwọn tó kú sí ọ̀nà méjì, "aláìṣẹ̀" àti àwọn yòókù. Ọdún 2020 ni ọ̀gá ọlọ́pàá West Yorkshire tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹbí fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí àwọn òkú náà. Ní Amẹ́ríkà, Gary Ridgway, tí wọ́n dá lẹ́bi ikú obìnrin 49, jẹ́wọ́ pé òun ń yan aṣẹ́wó nítorí pé kò sí ẹni tí yóò tètè wá wọn.

Nílé wa níbí, ní ọdún 2019, wọ́n ń rí òkú àwọn ọmọbìnrin ní òtẹ́ẹ̀lì Port Harcourt. Kóòtù gíga ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún Gracious David-West ní ọdún 2020. Ṣé ẹ rántí ohun tí àwọn kan ń sọ nígbà náà? "Kí ni wọ́n lọ ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì?"

Ohun tó kàn wá

Ẹ̀yin ará wa, Ridgway ti fẹnu ara rẹ̀ sọ àṣírí náà: obìnrin tí kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ ni apànìyàn ń wá. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin wa bá ṣìnà, ẹ jẹ́ ká bá a wí, ṣùgbọ́n ká má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi òsì fà á mọ́ra. Ẹ máa gbé ìpè rẹ̀. Ẹ mọ ibi tó ń gbé. Bí ẹ kò bá gbúròó rẹ̀, ẹ tètè lọ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ìtìjú má dá yín dúró.

Ẹ̀yin àfáà ẹgbẹ́ wa, bí a bá ń wáàsí lórí sìná, ẹ jẹ́ ká fi kún un pé ẹ̀jẹ̀ onísìná kì í ṣe omi òjò. Ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ ìbínú wa tí kò gbọ́ àánú wa lè gbé ọwọ́ rẹ̀ sí ohun tí a kò rán an.

Ìdáhùn wa fún ọmọ tó bi wá léèrè nìyí: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí ni ẹ̀mí ń jẹ́.

Kí Ọlọ́hun forí ji àwọn tó kú, kí Ó tu àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú, kí Ó sì dáàbò bo àwọn ọmọbìnrin wa nílé àti lẹ́yìn odi. Āmīn.